Páìpù ogún ínṣì ní Flixborough: ìṣirò tí wọ́n ṣe àti èyí tí wọn kò ṣe

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1974, nígbà tí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú méje, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà Nypro tí ó wà ní Flixborough, lẹ́bàá odò Trent ní agbègbè Lincolnshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bú gbàmù. Òṣìṣẹ́ 28 ni ó kú, àwọn 36 mìíràn fara pa nínú ọgbà ilé iṣẹ́ náà, àwọn 53 sì wà lákọsílẹ̀ pé wọ́n fara pa níta ọgbà. Ilé tí ó tó bí 2,000 ni ìbúgbàmù náà bàjẹ́ ní àwọn abúlé àti ìlú tí ó wà nítòsí. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tí ń fi ìwé kọ́ iṣẹ́ irin jíjó, iṣẹ́ páìpù àti ètò ilé onírin, nítorí pé n kò mọ ìṣẹ̀lẹ̀ mìíràn tí ó fi hàn tó bẹ́ẹ̀ pé ẹni tí ó ka apá kan ìwé tí ó sì fi apá yòókù sílẹ̀ lè ṣe ìṣirò tí ó péye, kí ohun tí ó kọ́ sì wó pa ènìyàn. Wẹ́dà kò fi iṣẹ́ ṣeré níbẹ̀, irin tí wọ́n lò kì í sì í ṣe ayédèrú.

Ilé iṣẹ́ náà ń ṣe caprolactam, ohun tí a fi ń ṣe náílọ́nù. Láti ọdún 1972 ni wọ́n ti ń gba ọ̀nà kan tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ara cyclohexane, omi kẹ́míkà tí ó máa ń gbiná bíi pẹtiróòlù. Àgbá ńlá mẹ́fà ni wọ́n tò sórí ìlà kan, tí wọ́n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ kí ó fi ínṣì 14 rẹlẹ̀ ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ, kí omi náà lè máa ṣàn fúnra rẹ̀ láti inú àgbá kìíní dé ìkẹfà bí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Omi náà gbóná dé 155 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gééjì sì ń ka 8.8 kìlógíráàmù lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ fi ọkàn sí nọ́ńbà méjèèjì yìí. Níta gbangba, nǹkan bí 81 ni cyclohexane ti máa ń hó. Ìtì tí ó wà nínú àgbá (ìyẹn pressure, ipá tí ohun inú rẹ̀ fi ń ti ara irin, èyí tí gééjì ń kà) nìkan ni kò jẹ́ kí ó di gáàsì ní 155. Bí irin tí ó há a mọ́ bá là, omi tí ó bá jáde kò ní dúró kí ó ṣàn bí omi. Apá púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò di ìkùukùu gáàsì lójú ẹsẹ̀, yóò sì máa wá iná kiri.

Láàárín àgbá kan àti èkejì, páìpù kúkúrú tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 28 ni ó so wọ́n pọ̀, ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní bellows sì wà lára rẹ̀. Bellows jẹ́ apá páìpù tí a fi irin fẹ́lẹ́ ṣe, tí a ká ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po kí ó lè máa gùn kí ó sì máa súnkì bí irin bá ti ń gbóná tàbí tí ó ń tutù, kí wíwú irin má baà fa ẹnu àgbá ya. Gígùn àti sísúnkì lójú ọ̀nà tààrà ni iṣẹ́ rẹ̀. A kò ṣe é láti fara da ipá tí ń tì í láti ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n ti kọ́ ilé iṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ipá yìí kò sí, nítorí pé ẹnu àgbá méjì tí bellows kọ̀ọ̀kan wà láàárín wọn kọjú sí ara wọn gan-an lórí ìlà kan náà, àgbá tí ó wúwo ni ó sì ń gba ìtì náà ní òpin méjèèjì.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1974, wọ́n rí i pé cyclohexane ń jò jáde lára àgbá karùn-ún. Irin lásán tí ó nípọn tó ìdajì ínṣì ni wọ́n fi ṣe ara àgbá náà, wọ́n sì fi irin tí kì í dípẹtà, tí ó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì, bo inú rẹ̀. Irin ìta náà ti sán ní gígùn tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ohun tí ó fà á wà nínú ìwé fún ẹni tí ó bá mọ ibi tí yóò wò: ní ìgbà kan rí, nígbà tí cyclohexane díẹ̀ ń jò láti òkè àgbá náà, wọ́n ń da omi ìtutù ilé iṣẹ́ sí i lára, omi náà sì ní nitrate nínú. Nitrate lára irin lásán tí ó gbóná, tí ipá tí ń fà á sì wà nínú rẹ̀, a máa jẹ irin náà wọ inú títí yóò fi sán, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìwé nípa irin àti jíjó irin pọ̀ ti ń kọ́ni ní èyí tipẹ́ ṣáájú ọdún 1974. Síbẹ̀ wọn kò wádìí ohun tí ó mú kí àgbá karùn-ún sán kí wọ́n tó tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì tú àwọn àgbá márùn-ún yòókù wò bóyá irú rẹ̀ wà lára wọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá béèrè ìdí tí irin fi sán ti pinnu pé ohun tí ó kù kò ju kí iṣẹ́ máa lọ.

Ìpinnu tí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n gbé àgbá karùn-ún kúrò, kí wọ́n sì fi páìpù kan so àgbá kẹrin mọ́ ìkẹfà. Ẹnu àgbá méjèèjì fẹ̀ tó ínṣì 28, ṣùgbọ́n páìpù tí ó wà nílẹ̀ tí ó tóbi jù kò ju ínṣì 20 lọ. Nítorí pé àgbá karùn-ún kò sí láàárín wọn mọ́, ẹnu àgbá kẹrin fi ínṣì 14 ga ju ẹnu ìkẹfà lọ, nítorí náà páìpù náà kò lè lọ tààrà. Wọ́n gé e sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n gé àwọn ẹnu rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, wọ́n sì jó wọn pọ̀ kí ó lè sọ̀ kalẹ̀ láàárín. Bellows tí ó ti wà ní ẹnu àgbá kẹrin àti ti ìkẹfà tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà páìpù wíwọ́ yìí wà láàárín bellows méjì tí kò sí lórí ìlà kan náà. Yíyà kan ṣoṣo tí wọ́n yà fún iṣẹ́ náà ni èyí tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yà sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, bí páìpù náà yóò ti tóbi tó gan-an. Ẹni tí ó bá ti dé ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà nílẹ̀ wa mọ ìlànà yìí dáadáa. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀ bí ó bá jẹ́ géètì tàbí irin ojú fèrèsé ni a fẹ́ ṣe, nítorí pé òṣùwọ̀n gígùn àti ìdàgẹ̀rẹ̀ nìkan ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń bèèrè. Ṣọ́ọ̀kì lè sọ ibi tí a ó ti gé irin. Kò lè sọ ibi tí ipá yóò gbà.

Ó yẹ kí a sọ ohun tí wọ́n ṣe pẹ̀lú òdodo, nítorí pé kì í ṣe pé wọn kò ṣe ìṣirò rárá. Wọ́n ṣírò bóyá páìpù ínṣì 20 yóò lè gbé gbogbo omi tí ó gbọ́dọ̀ kọjá, wọ́n sì rí i pé yóò gbé e. Wọ́n tún ṣírò bóyá ara páìpù tí ó gùn tààrà yóò lè gba ìtì inú rẹ̀ láìbẹ́, wọ́n sì rí i pé yóò gbà á. Èsì méjèèjì péye. Orí ìwé tí ìṣirò kejì yìí ti wá ni orí tí gbogbo ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ páìpù máa ń kọ́kọ́ kà: a ó fi ìtì inú sọ ìbú páìpù di púpọ̀, a ó pín in sí ìlọ́po méjì nínípọn irin, a ó sì fi èsì rẹ̀ wé agbára irin náà. Ó rọrùn, ó lẹ́wà, ó sì máa ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé òun ti mọ páìpù. Ṣùgbọ́n ara páìpù tí ó wú síta nìkan ni ó ń wò. Kò wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní òpin páìpù, ní ibi tí ó ti wọ́, tàbí ní ibi tí a gbé e lé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò tí ó kù. Ìbú ínṣì 28 tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 71, nítorí náà ojú ihò náà tó nǹkan bí 3,970 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin. Bí a bá fi 8.8 kìlógíráàmù sọ ọ́ di púpọ̀, a ó rí nǹkan bí 35,000 kìlógíráàmù, ìyẹn tọ́ọ̀nù 35. Ìṣẹ́po bellows fẹ̀ ju ẹnu ihò lọ, nítorí náà ìtì gidi tí ó wà ní òpin kọ̀ọ̀kan tó bí tọ́ọ̀nù 38, iye tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba fi sínú ìjábọ̀ wọn. Tọ́ọ̀nù 38 ń ti páìpù náà láti ìhà àgbá kẹrin, tọ́ọ̀nù 38 sì ń tì í padà láti ìhà àgbá ìkẹfà. Bí páìpù náà bá tààrà ni, ìtì méjèèjì ì bá pàdé lórí ìlà kan, ọ̀kan ì bá sì dá èkejì dúró. Ṣùgbọ́n ìlà wọn fi ínṣì 14 jìnnà sí ara wọn. Nígbà tí ipá méjì tí ó dọ́gba bá ń tì ní ọ̀nà òdìkejì sí ara wọn láìsí lórí ìlà kan náà, wọn kì í dá ara wọn dúró. Ńṣe ni wọ́n máa ń yí ohun tí wọ́n dì mú, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ méjèèjì awakọ̀ ti ń yí ìdarí ọkọ̀. Fi tọ́ọ̀nù 38 sọ ínṣì 14 di púpọ̀, ìyẹn nǹkan bí mítà 0.36, ipá ìyípo tí ìwọ yóò rí ju tọ́ọ̀nù-mítà 13 lọ. Ipá yìí ń gbìyànjú láti yí páìpù náà, ó ń ti bellows láti ẹ̀gbẹ́, ó sì ń tẹ̀ páìpù náà ní ojú àjópọ̀ onídàgẹ̀rẹ̀, ibi tí agbára rẹ̀ ti kéré jù. Ìṣirò tí mo ṣe yìí kò ju ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lè ṣe sórí ìwé kan. Gbogbo ẹni tí ó bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí ni ó yẹ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ẹ̀rù tí ó wà nínú nọ́ńbà 38 náà kì í hàn títí a ó fi ṣe é.

Ìwé tí ó yẹ kí wọ́n ṣí wà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlànà òṣùwọ̀n fún irú páìpù bẹ́ẹ̀, British Standard 3351. Ẹni tí ó ṣe bellows náà tún ti tẹ ìwé atọ́nà jáde fún àwọn tí yóò lò ó, ìwé náà sì sọ ọ́ kedere pé kí a má ṣe fi bellows méjì tí kò sí lórí ìlà kan náà sí ara páìpù kan láìjẹ́ pé a gbé páìpù náà ró, kí a sì dè é dáadáa. Ohun gan-an tí wọ́n ṣe ni ìwé náà kà léèwọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò wo ìkankan nínú ìwé méjèèjì.

Kò tọ́ kí a kàn sọ pé aláìbìkítà ni wọ́n. Ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, wọn kò sì tíì rí ẹni rọ́pò rẹ̀. Àwọn tí ó ṣẹ́ kù ní ìmọ̀ kẹ́míkà tàbí ìmọ̀ iná mànàmáná, tàbí kí wọ́n jẹ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí onímọ̀ ẹ̀rọ irin tí ó ní ìwé ẹ̀rí tí ó tó láàárín wọn tí yóò mọ̀ pé ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì béèrè. Ẹni tí kò mọ̀ pé páìpù wíwọ́ máa ń yí kì í lọ wo ojú ìwé tí ó wà fún páìpù tí ń yí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn tí ń dá kọ́ iṣẹ́ láti inú ìwé pé kí wọ́n kọ́kọ́ ka àkọlé gbogbo orí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n sì mọ ohun tí orí kọ̀ọ̀kan wà fún, kí wọ́n tó rì sínú èyí tí wọ́n fẹ́ràn. Nínú ìwé ìlànà páìpù, orí nípa gbígbé páìpù ró, nípa dídè é, nípa wíwú rẹ̀ nígbà tí ó bá gbóná, àti nípa dídán an wò ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fò ní Flixborough.

Wọ́n gbé páìpù náà lé orí ọ̀pá irin skáfódì, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń gùn. Ọ̀pá náà ń gbé e ró láti ìsàlẹ̀ kí ó má baà wó lulẹ̀. Kò sí ohun tí ó dè é láti ẹ̀gbẹ́, kò sì sí ohun tí yóò dá a dúró bí ó bá fẹ́ gbéra sókè tàbí kí ó yí. Ìyẹn ni pé wọ́n ronú nípa ìwúwo páìpù, èyí tí ojú rí, wọn kò sì ronú nípa tọ́ọ̀nù 38 tí ojú kò rí.

Ó ṣẹ́ ku ìdánwò. Wọ́n fi gáàsì nitrogen dán an wò títí gééjì fi dé 9 kìlógíráàmù lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Fáàfù ààbò ilé iṣẹ́ náà kò ní ṣí títí ìtì inú yóò fi dé 11, nítorí náà àlàfo wà láàárín ibi tí wọ́n dán an wò dé àti ibi tí ó lè gòkè dé kí ohunkóhun tó gbà á sílẹ̀. Ìdánwò tí wọ́n ṣe jẹ́ láti mọ̀ bóyá ó ń jò, kò sì jẹ́ láti mọ̀ bóyá ó lágbára tó. Lónìí, ASME B31.3, ìwé ìlànà páìpù ilé iṣẹ́ kẹ́míkà tí ó ti Amẹ́ríkà wá tí a sì ń lò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bèèrè pé bí a bá fi omi dán páìpù wò, kí ìtì ìdánwò tó ìlọ́po 1.5 ìtì tí a ṣe páìpù náà fún, ó kéré tán. Bí ó bá jẹ́ gáàsì, kí ó tó ìlọ́po 1.1. Omi ni ó dára jù, nítorí pé omi kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì. Bí páìpù tí omi kún inú rẹ̀ bá yẹ̀, omi yóò dà, ìtì rẹ̀ yóò sì lọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n gáàsì tí a fún pọ̀ yóò tú jáde pẹ̀lú gbogbo agbára tí a ti kó sínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe gidigidi kí ìdánwò omi tí ó tó bí ó ti yẹ ti fi àléébù páìpù náà hàn kí oṣù Kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí kò sí cyclohexane kankan nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin. Páìpù náà ṣiṣẹ́ fún oṣù méjì, mo sì rò pé oṣù méjì yìí ni ó léwu jù nínú gbogbo ìtàn náà, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ó ń fún àwọn ènìyàn ní ìdánilójú tí kò ní ìpìlẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, wọ́n pa iṣẹ́ nítorí jíjò kékeré kan ní ibòmíràn. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ kùtù ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà. Lọ́jọ́ náà, ìtì inú gòkè díẹ̀ ju bí ó ti máa ń wà lọ, síbẹ̀ kò dé ibi tí fáàfù ààbò yóò ti ṣí. Ní ìrọ̀lẹ́, bellows méjèèjì ya, páìpù náà ká sí méjì, ihò ínṣì 28 méjì sì ṣí sílẹ̀. Cyclohexane tí ó tó ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù tú jáde, ó di ìkùukùu, ó rí iná, ó sì bú. Iná náà jó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Nínú àwọn 28 tí ó kú, 18 wà nínú yàrá ìdarí. Apá ètò ilé nínú ọ̀ràn yìí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo: wọ́n kọ́ yàrá náà bí a ti ń kọ́ ọ́fíìsì, pẹ̀lú fèrèsé onígíláàsì, sí ìtòsí àgbá tí ó kún fún ohun tí ń gbiná, òrùlé rẹ̀ sì wó lé wọn lórí. Kò sí ẹnì kankan tí ó jáde láàyè nínú rẹ̀. Nítorí pé Sátidé ni, ènìyàn bí 72 péré ni ó wà nínú gbogbo ọgbà náà. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ gan-an, ilé ọ́fíìsì ńlá tí ó wà nítòsí, tí ìbúgbàmù náà wó palẹ̀, ì bá kún fún ènìyàn.

Roger Parker, agbẹjọ́rò àgbà, ni ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìwádìí, ìjábọ̀ wọn sì jáde ní ọdún 1975. Wọ́n gbà pé páìpù ínṣì 20 náà ni ó kọ́kọ́ yẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan jà fún èrò mìíràn, pé páìpù ínṣì 8 kan ni ó kọ́kọ́ ya tí iná ibẹ̀ sì ba èyí tí ó tóbi jẹ́. Ìgbìmọ̀ náà wò ó, wọ́n sì kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn náà kò parí síbẹ̀. Èyíkéyìí tí ó bá jẹ́ òótọ́, kò sí ẹni tí ó sọ pé a ṣe páìpù ínṣì 20 náà bí ó ti yẹ.

Ìjábọ̀ náà dámọ̀ràn pé àtúnṣe yòówù tí a bá ṣe sí ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba irú ìṣirò, irú ìkọ́lé, irú ìdánwò àti irú ìtọ́jú tí a fún ilé iṣẹ́ náà nígbà tí a kọ́kọ́ kọ́ ọ. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà ní àwọn ilé iṣẹ́ kẹ́míkà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí ẹni tí ó ní ìmọ̀ tí ó bá ọ̀ràn mu kọ́kọ́ yẹ àtúnṣe wò, kí ó sì bu ọwọ́ lù ú lórí ìwé, kí wẹ́dà tó tan iná, ì báà jẹ́ páìpù fún ìgbà díẹ̀. Yàrá ìdarí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, a ń kọ́ ọ báyìí kí ó lè fara da ìbúgbàmù, tàbí kí a gbé e jìnnà. Wọ́n tún ilé iṣẹ́ Flixborough kọ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n wọn kò fi cyclohexane bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Phenol ni wọ́n lò dípò rẹ̀.